Apá Nínú Fífì Igi Gọ́ọ̀fù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Agbágọ́ọ̀fù Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù la kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún. Apá òsì irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wà níhà ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Kí ọlọ́wọ́ òsì kàn yí i padà: ibi tí a bá ti kọ òsì, kó kà á sí ọ̀tún. Igi là ń pe ohun tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Fífì ni gbogbo ìrìn igi náà, láti ìgbà tó bá ti kúrò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù lọ sókè, títí tó fi bọ̀ wálẹ̀, tó gbá bọ́ọ̀lù, tó sì lọ parí sí èjìká òsì.

Ṣé apá ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni, àbí ara?

Méjèèjì ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò papọ̀. Àyà àti ìbàdí ló ń yí. Apá ló ń gòkè tó ń sọ̀. Ẹni tó bá ń yí àyà láìgbé apá, igi rẹ̀ á kàn máa fì ká ìdí rẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé apá láìyí àyà, igi á ga lóòótọ́, àmọ́ kò sí agbára kankan nínú rẹ̀. Irú kejì yìí ló pọ̀ jù.

Ẹ wo ẹni tó ń yan gààrí. Ẹni tó bá ń fi ọrùn-ọwọ́ nìkan ro ó, kò ní yan kóńgò méjì kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yan a máa mì láti ìbàdí, apá á sì tẹ̀ lé e, igbá á máa lọ, á máa bọ̀, láìsí pé iṣan kankan le. Bí apá ṣe yẹ kó máa tẹ̀ lé àyà nínú gọ́ọ̀fù nìyẹn. Nítorí èyí ni ẹ ó fi rí i nísàlẹ̀ pé, bí ẹnì kan bá bèèrè nípa ìgbọ̀nwọ́, àyà tàbí ìdìmú la sábà máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àṣìṣe á hàn lápá, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni apá ṣe yẹ kó wà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì?

Ẹ tẹ̀ láti ìbàdí, ẹ má tẹ̀ láti àárín ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ tààrà lábẹ́ èjìká, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ gbé korobá omi. Ibi tí wọ́n bá rọ̀ sí ni kí ẹ ti di igi mú, ẹ má nawọ́ lọ bá a.

Àlàfo tó wà láàárín ìdí igi, ìyẹn ṣóńṣó tó wà lọ́wọ́ yín, àti itan yín ló ń sọ bóyá ẹ dúró dáadáa. Fún iron 7, igi olórí irin tí kò gùn tí kò kúrú, kí ìkúùkù kan gba ibẹ̀. Fún driver, igi tó gùn jù, kó jẹ́ ìkúùkù kan pẹ̀lú àtàǹpàkò tí a nà jáde. Bí àlàfo bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara á máa fà yín síwájú, gbogbo ìwúwo yín á bọ́ sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bó bá kéré, apá kò ní ráyè kọjá níwájú ikùn nígbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ á wá ọ̀nà mìíràn gbà, ẹ̀yìn ara sì ni ọ̀nà tó sábà máa ń gbà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ kúrò lára igi, ẹ jẹ́ kó rọ̀. Bó bá rọ̀ síbi tí ọwọ́ òsì wà, ó dára. Bí ẹ bá ní láti nà án kó tó kan igi, ẹ jìnnà jù.

Nítorí ọwọ́ ọ̀tún ló wà nísàlẹ̀ lára igi, èjìká ọ̀tún gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti òsì lọ, kí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún sì rọ̀, kó sún mọ́ ìhà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń na apá ọ̀tún gan-an, tó fi ga ju apá òsì lọ. Èjìká wọn á ti kọjú sósì kí wọ́n tó gbé igi rárá.

Kí ló kan ìdìmú nínú ọ̀rọ̀ apá?

Ó kàn án gan-an. Bí ọwọ́ bá di igi mú lódìlódì, apá ló máa ń gbìyànjú láti tún un ṣe, àtúnṣe yẹn la wá ń pè ní àṣìṣe apá.

Ìdí ọmọ ìka ni igi ń gbé nínú ọwọ́ òsì, kì í ṣe àárín àtẹ́lẹwọ́. Kó gba ìdí ọmọńdinrín kọjá lọ sí oríkèé àárín ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò. Bí ẹ bá wo ọwọ́ òsì yín láti òkè, kí ẹ rí kókó ìka méjì, ó pọ̀ jù ẹ rí méjì ààbọ̀. Kókó kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé ojú igi, ìyẹn ibi pẹrẹsẹ tó ń kan bọ́ọ̀lù, á máa ṣí kọjú sọ́tùn-ún, bọ́ọ̀lù á máa lọ sọ́tùn-ún. Bí ẹ bá rí mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ó máa yí sósì.

Bóyá ọmọńdinrín ọ̀tún gun ìka òsì ni o, bóyá wọ́n kọ́ra, bóyá ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà lórí igi, ìyẹn kò tó ohun tí à ń jà sí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ẹ ṣe fún un tó. Láti 1 sí 10, kó wà ní 4. Ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ iṣan tó wà láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn-ọwọ́: bó bá le bí igi, ẹ ti fún un jù. Ìka mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú ọwọ́ òsì ló yẹ kó di igi mú jù. Àtàǹpàkò ọ̀tún àti ìka tó tẹ̀ lé e kàn wà níbẹ̀ ni. Bí ìbọ̀wọ́ òsì yín bá tètè ń lu ní ìdí àtẹ́lẹwọ́, igi ń yọ̀ lọ́wọ́ yín.

Nínú ooru wa yìí, òógùn ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn fún igi jù. Ẹ so tówẹ̀lì kékeré mọ́ báàgì, ẹ máa nu ọwọ́ kí ẹ tó gbá. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ rọ́bà ibi ìdìmú. Bó bá ti ń dán tí kò sì rọ̀ mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní kí n na apá òsì gbọnran. Ó ń dùn mí, bọ́ọ̀lù ò sì lọ. Kí ló dé?

Ọ̀rọ̀ "gbọnran" yẹn ló kó bá yín. Nínà la fẹ́, a ò fẹ́ líle. Apá tó bá le máa ń ti èjìká sókè sétí, iṣan ọrùn á fà, àyà kò sì ní lè yí mọ́.

Ẹ ka apá òsì sí okùn tí a fi so igi mọ́ èjìká. Bí okùn náà bá kúrú lójijì, orí igi kò ní dé ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ ó gbá orí rẹ̀ tàbí kí ẹ gbá afẹ́fẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹ nà án nìyẹn. Àmọ́ okùn kì í le fúnra rẹ̀. Ohun tó wúwo ní ìdí rẹ̀ ló ń nà án. Bí ìgbọ̀nwọ́ òsì bá ká bí digirí 10 sí 20 nígbà tí igi bá wà lókè, kò sí aburú níbẹ̀, torí orí igi á tún un nà nígbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, bí ẹ kò bá ṣáà fún iṣan pọ̀.

Calvin Peete, agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, ṣẹ́ ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀ lọ́mọdé, kò sì ṣeé nà tán mọ́. Síbẹ̀ ó borí nígbà 12 nínú PGA Tour, ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà. Láti 1981 títí dé 1990, ọdún 10 tẹ̀léra, òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sí àárín pápá ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ed Furgol náà, tí apá òsì rẹ̀ ti rọ láti kékeré, ló gba ìdíje ńlá U.S. Open ọdún 1954. Apá àwọn méjèèjì ká, ṣùgbọ́n bó ṣe ká nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ló ṣe wà nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí okùn gùn níbẹ̀rẹ̀ kó wá kúrú ní ìparí.

Bí apá yín bá ń ká púpọ̀, tó fi dé digirí 60 tàbí 90, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò. Èkíní, àyà ti dúró, ẹ̀yin sì ṣì fẹ́ kí igi ga sí i; ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló kù tó lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí igi dúró níbi tí àyà bá dúró sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ga bí ti ẹni tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Èkejì, ọwọ́ ọ̀tún ń fa igi sẹ́yìn ọrùn. Ẹ̀kẹta, ìka mẹ́ta ọwọ́ òsì ti ṣí lókè. Ẹ wo ẹ̀kẹta yìí dáadáa, torí kì í hàn sí ẹni tó ń fì. Ẹ fi ewé tútù kan sáàárín ìdí àtẹ́lẹwọ́ òsì àti igi. Bó bá já bọ́ nígbà tí igi wà lókè, ẹ ti rí arùfin náà.

Ẹ fi apá òsì nìkan ṣe ìdánrawò. Ẹ mú wedge, igi kúkúrú tó ń gbé bọ́ọ̀lù ga, ẹ di í mú nísàlẹ̀ bí ìka mẹ́rin sí ibi tí ẹ máa ń di í mú, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú lókè ìgbọ̀nwọ́, ẹ fì í dé ìbàdí, kó padà kọjá dé ìbàdí lódì kejì. Ẹ ṣe é nígbà 10, láìsí bọ́ọ̀lù. Ẹ ó rí i pé bí àyà kò bá yí, igi kò ní lọ.

Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mi máa ń fò kúrò lára bí ìyẹ́ adìyẹ. Ṣé àrùn ni?

Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún Jack Nicklaus, gbajúmọ̀ agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, kúrò lára dáadáa nígbà tí igi bá wà lókè, ó sì gba ìdíje ńlá 18. Ohun tó ṣe é ni pé ìgbọ̀nwọ́ náà padà síwájú ìhà kí igi tó dé bọ́ọ̀lù.

Fún agbágọ́ọ̀fù tó ń gbá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sàn kó má jìnnà jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Lókè, kí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ká bí digirí 90, kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sílẹ̀ ju kó kọjú sẹ́yìn lọ. Ẹ ronú pé ẹ ń gbé àwo oúnjẹ kan lórí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, bí ẹni tó ń pín oúnjẹ lóde ìnáwó. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá fò, ìkòkòrẹ́ á dà sí ẹlòmíràn lára.

Ẹ má sì lọ fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí o. Igi kò ní ga, yóò máa yí ká ẹ̀yìn, agbára á sì dín kù.

Wọ́n ní kí n fi tówẹ̀lì sábẹ́ abíyá. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Tówẹ̀lì ìnujú ló dára, kì í ṣe èyí tí a fi ń wẹ̀. Ẹ ká a gígùn, ẹ tẹ́ ẹ gba iwájú àyà, kí orí rẹ̀ kan wà lábẹ́ abíyá òsì, kí èkejì wà lábẹ́ ti ọ̀tún. Ẹ mú iron 9 tàbí wedge, ẹ fi ẹsẹ̀ sún mọ́ra. Ẹ fì í dé ìbàdí sí ìbàdí, nígbà 10. Bí tówẹ̀lì kò bá já, ẹ gbé e dé èjìká sí èjìká, ẹ má kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi bọ́ọ̀lù kún un.

Ibi tí tówẹ̀lì bá ti já ló ń sọ ohun tó ń ṣe yín. Bí ti òsì bá já nígbà tí ẹ ń gbé igi sẹ́yìn, apá ti fi àyà sílẹ̀, ó ń dá lọ. Bí ti ọ̀tún bá já nígbà tí igi ń bọ̀ wálẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń ju igi síta. Bí ti òsì bá já lẹ́yìn tí ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù tán, àyà ti dúró, ìgbọ̀nwọ́ sì ti yọ síta. Ìyẹn ní ìbéèrè tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú ìdánrawò yìí ni kí èèyàn máa fún apá mọ́ra kí tówẹ̀lì má bàa já. Kó kàn wà níbẹ̀ ni. Ẹ má sì fi driver ṣe é, torí nínú fífì gígùn ó yẹ kí apá ọ̀tún kúrò lára díẹ̀. Bí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, kí tówẹ̀lì padà sínú báàgì: òfin gọ́ọ̀fù kò gba ohun èlò ìdánrawò láyè nígbà tí ẹ bá ń gbá.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sósì, tó wá ń yí lọ sọ́tùn-ún?

Èyí ni àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè ní slice, òun ló sì ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sínú igbó jù lọ. Ohun méjì ló pàdé: igi ń gba ìta, ìyẹn òdìkejì ibi tí ẹ dúró sí, bọ̀ sínú, ojú igi sì ṣí ju ọ̀nà tí igi ń gbà lọ. Ibi tí ojú igi bá kọjú sí nígbà tó kan bọ́ọ̀lù ló ń pinnu púpọ̀ nínú ibi tí bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀ sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú igi àti ọ̀nà igi ló ń mú un yí.

Ohun tí apá ń ṣe nínú rẹ̀ nìyí. Nígbà tí igi bá dé òkè, ara yá, ọwọ́ ọ̀tún fẹ́ lu bọ́ọ̀lù. Èjìká ọ̀tún á yọ síwájú kí apá tó bọ̀ wálẹ̀ rárá, igi á gorí ọ̀nà tó yẹ kó gbà, á gé bọ́ọ̀lù láti ọ̀tún bọ̀ sósì bí ẹni ń gé koríko. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń lọ sọ́tùn-ún, ọpọlọ á ní kí ẹ túbọ̀ fà á sósì, ìyẹn á sì mú un burú sí i.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdìmú wò bí a ṣe sọ lókè. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe báyìí. Ẹ gbé igi dé òkè, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn yín ṣì kọjú síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kí apá sọ̀ kalẹ̀ títí ọwọ́ fi dé ẹ̀gbẹ́ àpò ṣòkòtò ọ̀tún. Ẹ gbé e padà sókè. Ẹ sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kó lọ. Ìgbà 8 tó fún ọjọ́ kan. Kí ẹ rí i pé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún dé iwájú ìhà kí ọwọ́ tó kọjá itan.

Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé páálí kan, bíi páálí bàtà, sílẹ̀ ní ìta bọ́ọ̀lù, ìyẹn òdìkejì ibi tí ẹ dúró sí, kó fi nǹkan bí ìka mẹ́ta jìnnà sí i, kó sì sẹ́yìn díẹ̀. Bí igi bá gbá páálí, ẹ ṣì ń gba ìta bọ̀. Ẹ má fi òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù ṣe é.

Mo ti ń fi àdá gé koríko láti kékeré. Ṣé ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni, àbí ó ń pa mí lára?

Ó ń ṣe méjèèjì. Ẹni tó mọ àdá lò ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń san owó kọ́: ọrùn-ọwọ́ kì í tú títí àdá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí koríko. Ìyẹn ni agbára.

Ibi tó ti ń pa yín lára ni pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni, ó sì ń bọ̀ láti òkè èjìká ọ̀tún lọ sí ẹsẹ̀ òsì, ọ̀nà slice gan-an tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Nínú gọ́ọ̀fù, apá òsì ló ń ṣáájú, bí ìgbà tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì gbá nǹkan dànù. Ẹ fi ọ̀pá kékeré ṣe ìdánrawò rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, kí ẹ̀yìn ọwọ́ ṣáájú, kó máa ró fìì-ìì. Ẹ gbọ́ ibi tí ìró náà ti pọ̀ jù: ó yẹ kó jẹ́ ìsàlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ òsì, kó má jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àdá fúnra rẹ̀ ṣe é.

Agbára mi máa ń tán kí igi tó dé bọ́ọ̀lù.

Ọrùn-ọwọ́ ti tú láti òkè. Bí igun tó wà láàárín apá òsì àti ọ̀pá igi, bíi digirí 90 lókè, bá ti ṣí kí ọwọ́ tó dé ìbàdí, orí igi ti sáré tán kó tó dé ibi iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù á ga láìjìnnà, tàbí kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má gbìyànjú láti fipá di igun náà mú. Ohun tó ń tú u ni ìkánjú àti ọwọ́ ọ̀tún tó fún igi jù. Láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá, gbígbé igi sókè máa ń gba àkókò tó tó ìlọ́po mẹ́ta ti bíbọ̀ wálẹ̀. Ẹ ka "ení, èjì, ẹ̀ta" bí igi ṣe ń gòkè, kí "ẹ̀rin" bọ́ sórí bọ́ọ̀lù. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan sórí ilẹ̀ rírọ̀, ẹ fi wedge fì láìsí bọ́ọ̀lù, kí ibi tí igi bá ti kan ilẹ̀ jẹ́ orí ìlà tàbí iwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìlà, ọrùn-ọwọ́ ti tú tàbí ìwúwo yín ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Lẹ́yìn tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù, ìgbọ̀nwọ́ òsì mi máa ń ká síta. Báwo ni mo ṣe lè tún un ṣe?

Ẹ má tún ìgbọ̀nwọ́ ṣe. Àyà ló dúró; apá kò ríbi lọ, ló bá ká. Ìdí mìíràn ni pé ojú igi ń ṣí, ẹ sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ dì í mú kí bọ́ọ̀lù má lọ sínú igbó. Bí èyí bá jẹ́ tiyín, ìdìmú ni kí ẹ padà sí.

Ẹ mú bésìnì kan tó ṣófo, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú. Ẹ yí sọ́tùn-ún, kí ẹ wá ṣe bí ẹni fẹ́ da omi inú rẹ̀ lọ jìnnà síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Apá méjèèjì á nà, àyà á kọjú síwájú, gìgísẹ̀ ọ̀tún á gbéra. Bí ìgbọ̀nwọ́ òsì bá ká, omi á dà sí yín lẹ́sẹ̀. Ẹ lè fi omi díẹ̀ sínú rẹ̀ bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé lẹ wà. Lẹ́yìn nǹkan bí ìgbà 10, ẹ mú iron 7, ẹ fì í kí ẹ sì dá a dúró nígbà tí ọwọ́ bá dé gíga ìbàdí lẹ́yìn tí igi bá ti kọjá bọ́ọ̀lù. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ ti nà níbẹ̀, kí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì yín máa wo iwájú.

Ẹni ọdún 68 ni mí, èjìká mi kò yí bíi tàtijọ́.

Ẹ yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún síta díẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí gìgísẹ̀ òsì gbéra nígbà tí igi bá ń lọ sókè. Ìbàdí á yí sí i, àyà á tẹ̀ lé e, apá kò ní nílò àtiká. Bí ọwọ́ bá dé gíga èjìká, ó tó. Fífì kúkúrú tó bá ara mu ń gbé bọ́ọ̀lù lọ tààrà ju fífì gígùn tó wó lágbede méjì.

Kò sí pápá gọ́ọ̀fù nítòsí mi. Níbo ni mo ti lè ṣe ìdánrawò?

Iṣẹ́ apá kò nílò pápá. Àyè mítà 3 sí 3 tó, níta, torí òrùlé yàrá kò ga tó driver. Ẹ wo òkè fún wáyà iná àti ẹ̀ka máńgòrò kí ẹ tó fì. Bó bá jẹ́ pápá ilé ìwé, ẹ dúró títí àwọn ọmọ á fi lọ tán, ẹ má sì fi bọ́ọ̀lù gidi gbá níbẹ̀: iron 7 lè gbé e kọjá 100 mítà, fèrèsé wà, èèyàn sì wà. Bọ́ọ̀lù fóòmù, tàbí ìwé ìròyìn tí a ká róbótó tí a fi sẹ́lótéèpù wé, á ṣe iṣẹ́ náà.

Ilẹ̀ pupa wa ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú, ó máa ń ha ojú igi, ó sì ń ta ìgbọ̀nwọ́ jìn. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń le bíi sìmẹ́ǹtì. Ẹ wá àjákù kápẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ́ ẹ sórí iyanrìn, ẹ fi ìṣó gígùn méjì kan orí rẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa gbá láti àárín rẹ̀. Ẹní kò dára, ó ń yọ̀. Nígbà òjò, ẹ dúró títí koríko á fi gbẹ díẹ̀. Bí àrá bá ti ń sán, ẹ gbé igi sílẹ̀ kí ẹ wọlé.

Ẹni tó bá ń lọ gbá ní Ìbàdàn tàbí Èkó lópin ọ̀sẹ̀ lè fi àwọn ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ṣe tówẹ̀lì, bésìnì àti apá kan ṣoṣo nílé.

Ẹ má sì wọ bùbá tó fẹ̀ ṣe é. Ọwọ́ aṣọ á bo ìgbọ̀nwọ́, ẹ kò sì ní rí ohun tó ń ṣe.

Ibo ni kí n gbé fóònù sí láti fi ya ara mi?

Ibi méjì. Àkọ́kọ́, ní ẹ̀yìn yín níhà ibi tí bọ́ọ̀lù kò lọ, kí ojú fóònù wà ní gíga ọwọ́, kó sì wo ọwọ́ yín gangan. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí bóyá igi ń gba ìta bọ̀. Èkejì, níwájú àyà yín, láti rí apá òsì àti ìgbọ̀nwọ́ lẹ́yìn tí igi bá ti kọjá bọ́ọ̀lù. Ẹ fi sí ìṣísẹ̀ lọ́ra-lọ́ra. Bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lójú igi ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ojú lásán kò lè mú un. Bí ẹ bá gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kó yà sí ẹ̀gbẹ́, àwòrán á purọ́ fún yín nípa ọ̀nà igi.

Apá ńkọ́ tí mo bá ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò?

Èjìká ni kó mì, kí apá àti ọwọ́ máa tẹ̀ lé e láìká, kí ọrùn-ọwọ́ má ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2016, òfin kò gbà kí ẹ tẹ ìdí igi mọ́ ara yín níbi kan nígbà tí ẹ bá ń gbá.

Inú ìgbọ̀nwọ́ mi ń dùn mí.

Iṣan tó so mọ́ eegun níbẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ jù. Igi tí a fún jù, ilẹ̀ líle àti bọ́ọ̀lù tó pọ̀ lọ́jọ́ kan ló sábà máa ń fà á. Nínú ìgbọ̀nwọ́ ni ti àwọn agbágọ́ọ̀fù, àmọ́ ó lè jẹ́ ìta, pàápàá lápá òsì. Ẹ dáwọ́ gbígbá dúró, ẹ fi yìnyín tí a fi aṣọ wé sí i fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, bí ìka bá ń kú tipiri, tàbí bí ọwọ́ kò bá lè di ife mú, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi agbára wọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń to eegun, torí eegun kò yẹ̀.

Ìgbà wo ni màá rí ìyàtọ̀?

Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ mú àṣìṣe kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fi bọ́ọ̀lù sí i rárá; ní ìkejì, bọ́ọ̀lù fóòmù, kí ẹ fì í dé ìdajì; ní ìkẹta, bọ́ọ̀lù gidi ní pápá, ẹ fì mẹ́ta láìsí bọ́ọ̀lù kí ẹ tó gbá ọ̀kan. Ẹ retí pé ẹ ó kọ́kọ́ máa gbá burúkú ju tẹ́lẹ̀ lọ, torí ọwọ́ ti mọ àtúnṣe àtijọ́ lára.

Ṣé mo lè gé igi mi kúrú fún ọmọ mi ọdún mẹ́sàn-án?

Ó sàn kí ẹ má ṣe é. Bí ọ̀pá bá kúrú, orí igi ṣì wúwo bíi ti àgbà, ọ̀pá sì ti le sí i. Apá ọmọ kò ní lè gbé e, ìgbọ̀nwọ́ òsì á ká, ọwọ́ ọ̀tún á gbà á lọ, àṣà yẹn á sì bá a dàgbà. Ẹ wá igi ọmọdé tòkunbọ̀, iron kan àti èyí tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò tó láti bẹ̀rẹ̀. Bó bá lè fi ọwọ́ òsì nìkan na igi náà síwájú, kó sì dì í mú títí ẹ ó fi ka ẹẹ́wàá, kò wúwo jù fún un.